Abẹnugan ní òun ò gbọ́: ṣé ẹjọ́ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé parí síbẹ̀ nìyẹn?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí èyí. Aṣòfin kan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú ilé, ẹlòmíì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i láti ẹ̀yìn pé òpùrọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bú parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kó tó dìde fẹjọ́ sùn. Abẹnugan ní òun ò gbọ́, òun á yẹ àkọsílẹ̀ wò. Nígbà tó padà dé, ó ní òun ò rí i níbẹ̀, ló bá pa ìwé dé.

Kí ni Abẹnugan ń wò gan-an kó tó dájọ́? Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ kan máa ń di ẹ̀ṣẹ̀ lónìí, tí wọ́n á sì gbójú fò ó lọ́la? Èyí tó ká mi lára jù ni pé, bí ẹni tí wọ́n pè ní òpùrọ́ bá parọ́ lóòótọ́ ńkọ́?

---

Akọ̀wé Ìjókòó

Ẹjọ́ yẹn ti kú kó tó dé iwájú Abẹnugan. Ọjọ́ kejì ló pa á. Nínú àwọn ilé aṣòfin tó ń tẹ̀lé ìlànà Ìlú Ọba, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fẹjọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sùn, nígbà tí ohun tí wọ́n sọ ṣì wà létí gbogbo ilé.

Ẹni tí wọ́n bú á dìde, á pe point of order, ìyẹn ìpè pé wọ́n ti rú ìlànà ilé, á wá sọ ohun mẹ́ta péré: ọ̀rọ̀ náà gan-an bó ṣe jáde, ẹni tó sọ ọ́, àti ìgbà tó sọ ọ́. Kó má fi àlàyé kún un o. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í ṣe òótọ́, ó ti kúrò lórí ìlànà, ó ti bọ́ sínú àríyànjiyàn, Abẹnugan á sì ní kó jókòó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dára ti ń bàjẹ́.

Bí Abẹnugan bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò nílò olùfisùn rárá. Ó lè dá ẹni náà dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀, kó ní kó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí kò bá gbọ́, ó lè yíjú sí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kó bi í pé ṣé lóòótọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́wọ́, kó kó o padà. Bó bá sẹ́, àṣà ilé ni pé kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ aṣòfin gbọ́ títí ẹ̀rí yóò fi jáde. Bí ọ̀rọ̀ bá wúwo tí ìhà méjèèjì sì ń tako ara wọn, Abẹnugan á ní òun á lọ gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, òun á ka àkọsílẹ̀ tí wọn ò tíì tún ṣe, òun á sì padà wá jábọ̀ fún ilé. Ohun tí Abẹnugan inú ìbéèrè yìí ṣe nìyẹn. Kò rú òfin kankan.

---

Ojú Lalákàn

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo gbà díẹ̀, n ò gbà tán. "Ojú ẹsẹ̀" kò túmọ̀ sí pé kéèyàn fò dìde lójú kan náà. Ní Kánádà, àkókò ìbéèrè tó máa ń gba ìṣẹ́jú 45 kì í gba point of order láàárín. Ìgbà tó bá parí ni wọ́n ń gbọ́ gbogbo ẹ̀sùn tó ti inú rẹ̀ jáde. Ní Ìlú Ọba náà, ẹ̀yìn ìbéèrè àti àlàyé àwọn mínísítà ni wọ́n sábà ń gbà á. Nítorí náà, "àǹfààní àkọ́kọ́ tó bá yọ" ni kí á máa sọ. Ẹni tí kò sí nínú ilé lásìkò náà, tó jẹ́ pé inú àkọsílẹ̀ ló ti kà á, ó ṣì lè gbé e wá, bí kò bá ti fi falẹ̀.

---

Akọ̀wé Ìjókòó

Mo gba àtúnṣe yẹn tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà lórí ìdúró, ó sì gbọ́ ọ. Àǹfààní àkọ́kọ́ tirẹ̀ ni kó tó jókòó.

---

Òǹkàwé Hansard

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí Abẹnugan kò fi rí ọ̀rọ̀ náà, torí kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi pamọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ẹni tí Abẹnugan fún láyè nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jù láti ẹ̀yìn lè má wọ inú ẹ̀rọ rárá, ó sì lè wọlé bí ariwo lásán. Àwọn tó ń kọ Hansard, ìyẹn ìwé tí gbogbo ọ̀rọ̀ ilé ń wà, kì í kọ gbogbo ohùn tó dún. Ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá dáhùn ni wọ́n sábà ń kọ, torí láìsí i, ìdáhùn náà ò ní yé ẹni tó ń kà á. Ìyókù á di "Interruption" nínú ìwé ti Ìlú Ọba, tàbí "Oh, oh!" nínú ti Kánádà.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí aṣòfin yẹn ṣe rọrùn. Kó dáwọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dúró, kó kọjú sí àga Abẹnugan, kó ní: "Abẹnugan, aṣòfin àgbègbè Lágbájá tó jókòó níbẹ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ní òpùrọ́." Gbohùngbohùn tirẹ̀ wà ní títàn. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ àkọsílẹ̀ nìyẹn, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́, àti wákàtí tó sọ ọ́. Kò sí ẹni tó lè ní òun wá a tì lọ́jọ́ kejì.

Oṣù kejì ọdún 1971, àwọn alátakò ní Kánádà fẹ̀sùn kan Pierre Trudeau, olóòtú ìjọba ìgbà náà, pé ó fi ẹnu ṣe àfihàn ọ̀rọ̀ àlùfànṣá sí àwọn nínú ilé. Ẹnu rẹ̀ mì, ohùn ò jáde. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní bóyá "fuddle duddle" ni, ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ kankan. Kí ni Abẹnugan fẹ́ dì mú nínú ìyẹn?

---

Agbẹjọ́rò

Ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè kejì, èyí tó ní ọ̀rọ̀ kan ń di ẹ̀ṣẹ̀ lónìí tí kì í dẹ̀ṣẹ̀ lọ́la. Òótọ́ ni, bó sì ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn.

Ìwé ìlànà ilé aṣòfin Kánádà sọ ohun tí Abẹnugan ń gbé yẹ̀ wò: ohùn àti ìṣesí ẹni tó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú èrò ọkàn rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ níjà tó kó tó sọ ọ́, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, bóyá ọ̀rọ̀ náà da ilé rú. Ẹ ò rí "ṣé òótọ́ ni?" níbẹ̀. Ẹ ò sì rí "ṣé ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé èèwọ̀?"

Àwọn kan máa ń rò pé ìwé kan wà tí wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ sí. Ní Íńdíà, ọ́fíìsì ilé aṣòfin máa ń ṣàkójọ irú rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí ẹ̀dà kan jáde ní oṣù keje ọdún 2022, ariwo sọ pé wọ́n ti fòfin de àwọn ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń lò. Abẹnugan Om Birla ní láti ṣàlàyé pé wọn ò de ọ̀rọ̀ kankan, pé àkójọ ọ̀rọ̀ tí àwọn tó wà lórí àga ti yọ kúrò rí ni. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Àkójọ ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Kò dá ẹjọ́ tó ń bọ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá tún ń yí ẹjọ́ padà. "Ètò ìnáwó yìí kún fún ẹ̀tàn" bá ìwé wí, kò sí ẹni tó máa mú un. "Ẹgbẹ́ òṣèlú yín ń tan ará ìlú jẹ" bá èrò púpọ̀, wọ́n sábà ń gbà á, àfi bó bá fẹ́ da ilé rú. "Ẹlẹgbẹ́ mi tó wà níwájú yẹn ń tan ará ìlú jẹ" ti bá èèyàn kan ṣoṣo, ó ti kan ìwà ọmọlúàbí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ń tì.

---

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n ẹ ti wá jẹ́ kó dà bíi pé bí ara Abẹnugan bá ṣe yá ni. Bó bá jẹ́ ará ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bú èèyàn, á gbójú fò ó.

---

Ojú Lalákàn

Ìbẹ̀rù yẹn tọ́, n ò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ohun tó ń dá Abẹnugan lẹ́kun ni ìdájọ́ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìdájọ́ wà lákọsílẹ̀. Bó bá lé aṣòfin alátakò jáde lórí ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ Ajé, tó sì dákẹ́ nígbà tí mínísítà sọ irú rẹ̀ lọ́jọ́rú, point of order tó máa dé bá a á ní ọjọ́ àti ojú ìwé nínú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn dáadáa, kó mú ìdájọ́ àtijọ́ dání, kó ka gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kó jókòó. Ẹkún àti ìbínú kì í gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síbì kankan.

---

Agbẹjọ́rò

Èyí tó ká Olùbéèrè lára ló kù, òun náà ló sì wúwo jù.

Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2022, Ian Blackford, olórí SNP, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ará Scotland, nínú ilé aṣòfin Ìlú Ọba, ní Boris Johnson tó jẹ́ olóòtú ìjọba mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ilé lọ́nà lórí àpèjẹ tí wọ́n ṣe lásìkò àrùn Kòrónà. Abẹnugan Lindsay Hoyle ní kó yí i padà. Ó ṣílẹ̀kùn fún un pàápàá: kó kàn ní kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Blackford kọ̀, Hoyle fi òfin ìjókòó kẹtàlélógójì lé e, ó bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2023, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ilé gbé ìwádìí jáde pé Johnson mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ilé lọ́nà lóòótọ́. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ilé fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìbò 354 sí 7.

Ṣé Hoyle ṣàṣìṣe nìyẹn? Rárá. Abẹnugan kò ní ẹlẹ́rìí níwájú rẹ̀, kò ní ìwé, kò ní àkókò láti gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹ̀sùn irọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ ẹ̀sùn ńlá, ó sì ní ọ̀nà tirẹ̀: àbá tó dá dúró fúnra rẹ̀, tí wọ́n fún ilé ní ìfitónilétí rẹ̀, tí ilé jíròrò lé lórí. Nínú irú àbá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lé èèyàn jáde fún lójoojúmọ́ di ohun tí wọ́n lè sọ. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n tọ̀ nígbà tí ilé gbé ọ̀rọ̀ Johnson fún ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2022.

---

Olùbéèrè

Ó lé lọ́dún kan láàárín ọjọ́ tí wọ́n lé Blackford jáde àti ọjọ́ tí ìwádìí jáde. Ẹ má bínú, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.

---

Agbẹjọ́rò

Kò yẹ kó tẹ́ yín lọ́rùn tán. Ọ̀nà náà gùn, ẹgbẹ́ tó ní èrò púpọ̀ sì lè dí i. Ó kàn jẹ́ pé bí a bá ní kí Abẹnugan máa pinnu irọ́ àti òótọ́ lórí ìdúró, gbogbo ọjọ́ ni wọ́n á máa fa òun náà sínú ìjà òṣèlú.

Ẹ rántí pé òfin ẹ̀tọ́ ọdún 1689 ní Ìlú Ọba ti ní kò sí ilé ẹjọ́ tó lè yẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nínú ilé wò. Ẹni tí wọ́n bú níbẹ̀ kò lè gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù fún ìbanilórúkọjẹ́. Àga yẹn nìkan ló kù tó lè sá tọ̀. Ará ìta tí wọ́n dárúkọ tiẹ̀ tún burú jù, torí kò ní ẹnu nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí ilé aṣòfin àgbà Ọsirélíà fi ṣe ìpinnu ní ọdún 1988 pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kọ̀wé ìdáhùn, kí wọ́n sì fi sínú àkọsílẹ̀ bí ìgbìmọ̀ bá gbà á.

---

Òǹkàwé Hansard

Ẹ má gbàgbé ọgbọ́n àyínìke. Ní ọdún 1906, Winston Churchill lo "terminological inexactitude" nínú ilé, ìyẹn àìpéye nínú ìlò ọ̀rọ̀, àwọn èèyàn sì ti sọ ọ́ di aṣọ tí wọ́n ń bò mọ́ "irọ́" lára láti ìgbà náà. Abẹnugan máa ń gbójú fo irú rẹ̀. Ohun tí kì í gbójú fò ni kéèyàn gba ẹ̀yìn wọlé: kó ka ìwé ìròyìn tó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní òpùrọ́, tàbí kó ní "bí kì í bá ṣe pé a wà nínú ilé yìí ni, ǹ bá pè é ní òpùrọ́." Ohun tí ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ sọ, o kò gbọdọ̀ fi ẹnu ẹlòmíì sọ ọ́.

---

Akọ̀wé Ìjókòó

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kíkó-ọ̀rọ̀-padà, torí ibẹ̀ ni àwọn tó gbọ́n pàápàá ń kó sí.

Ó gbọ́dọ̀ mọ́ pátápátá. Ní New Zealand, ẹni náà á dìde, á ní òun kó ọ̀rọ̀ náà padà, òun sì tọrọ àforíjì, á jókòó. Bó bá fi "ṣùgbọ́n" kan ṣoṣo kún un, kò tíì kó nǹkan kan padà, Abẹnugan á sì ní kó tún un sọ. "Bí ọ̀rọ̀ mi bá dun ẹnikẹ́ni" náà ò kó o padà, torí ó ti sọ ẹ̀bi di ti ẹni tó gbọ́.

Pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ burú ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2024, Pierre Poilievre tó jẹ́ olórí alátakò ní Kánádà lo "wacko" fún Justin Trudeau, ìyẹn bí ẹni ń pe èèyàn ní ayírí. Abẹnugan Greg Fergus ní kó kó o padà. Ó ní òun á fi "extremist" rọ́pò rẹ̀, Fergus ní rárá. Ó ní "radical", Fergus ní kó kàn kó o padà. Níkẹyìn ó ní kó jáde títí ìjókòó ọjọ́ náà yóò fi parí. Ẹjọ́ ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nígbà yẹn, ó ti di ẹjọ́ àìgbọ́ràn sí àga. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Dennis Skinner ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2016, nígbà tó pe David Cameron ní "Dodgy Dave", bí ẹni ń sọ pé Dave oníṣẹ́ màgòmágó. John Bercow fún un láyè láti yọ ọ̀rọ̀ náà, ó tún un sọ, ó di èrò ìta títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú.

---

Ojú Lalákàn

Lórí ìjìyà, ẹ jẹ́ kí n fi iye sí i. Ní Ìlú Ọba, lílé jáde fún ìyókù ọjọ́ jẹ́ àṣẹ Abẹnugan nìkan, kò gba ìbò. Bó bá dárúkọ aṣòfin náà, ìyẹn pé ó pe orúkọ rẹ̀ gan-an níwájú ilé bí ẹni tó tàpá sí àṣẹ àga, ilé gbọ́dọ̀ dìbò lójú ẹsẹ̀ láìsí ìjíròrò: ọjọ́ ìjókòó 5 ni yóò fi lọ rọ́ọ́kún nílé nígbà àkọ́kọ́, 20 nígbà kejì, wọn ò sì ní san owó oṣù rẹ̀ fún àkókò náà. Ní ilé aṣojú Ọsirélíà, Abẹnugan lè dá lé èèyàn jáde fún wákàtí 1 láìsí ìbò. Dídárúkọ ní tiwọn ń mú wákàtí 24 wá, lẹ́yìn náà ìjókòó 3, lẹ́yìn náà 7, bó bá jẹ́ inú ọdún kan náà. Òfin 374A ní Íńdíà mú ìjókòó 5 wá tàbí ìyókù sáà náà, èyí tó bá kéré jù.

Ewu tó wà nínú dídárúkọ ni pé ìbò lè já Abẹnugan kulẹ̀. Jim Cope, Abẹnugan Ọsirélíà, dárúkọ mínísítà kan, Clyde Cameron, ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1975. Ẹgbẹ́ ìjọba, tó jẹ́ ẹgbẹ́ Cope fúnra rẹ̀, kò tì í lẹ́yìn, àbá láti lé mínísítà náà ṣubú, Cope sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo gbóríyìn fún un. Àga tí ilé ti yẹ̀yẹ́ rẹ̀ kò ṣeé jókòó lé mọ́.

Ohun èlò kan tún wà tí kì í pariwo: ní Kánádà, Abẹnugan lè kọ̀ láti fún ẹni náà láyè láti sọ̀rọ̀ títí yóò fi kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó lè dìde, kó gbọ́wọ́ sókè, kó tún dìde, àga ò ní rí i. Fún aṣòfin, ìyẹn ń dun ni ju lílé jáde lọ, torí ẹni tí wọ́n lé jáde á rí kámẹ́rà lẹ́nu ọ̀nà.

---

Òǹkàwé Hansard

Ẹ fi pípa ọ̀rọ̀ rẹ́ kún un. Ní Íńdíà, òfin 380 gba Abẹnugan láyè láti yọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé kúrò nínú àkọsílẹ̀, wọ́n á fi àmì ìràwọ̀ sí ààyè rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé nísàlẹ̀ pé àga ló pàṣẹ. N ò fara mọ́ ọn. Tẹlifíṣọ̀n ti gbé ọ̀rọ̀ náà jáde kí Abẹnugan tó lanu, ọmọ tó sì máa ka ìwé ní ọgbọ̀n ọdún sí i á rí ìràwọ̀, kò ní mọ ìdí tí ilé fi gbiná. Ti Kánádà sàn jù: ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, àṣẹ pé kó kó o padà wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìkópadà náà sì tẹ̀ lé e.

---

Agbẹjọ́rò

Ní ti Íńdíà, ìdí kan wà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ba ará ìta lórúkọ jẹ́, fífi í sílẹ̀ nínú ìwé ìjọba ń jẹ́ kó máa bà á jẹ́ títí ayé. Ìyẹn nìkan ni mo lè gbà fún. Fún aṣòfin sí aṣòfin, mo wà lẹ́yìn yín.

---

Olùbéèrè

Ó ti ń yé mi. Ẹni yẹn ńkọ́, ṣé ọ̀nà kankan ṣì kù fún un? Wọ́n ní ó fẹ́ gbé e wá bí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ilé, ìyẹn pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ òun gẹ́gẹ́ bí aṣòfin lójú.

---

Akọ̀wé Ìjókòó

Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má dán an wò. Fún ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ní Kánádà, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ ìwé sí Abẹnugan ó kéré tán wákàtí 1 ṣáájú, ohun tí Abẹnugan sì máa pinnu kò ju bóyá ọ̀rọ̀ náà tó gbé síwájú gbogbo iṣẹ́ ilé lọ. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà dí òun lọ́wọ́ láti ṣe iṣẹ́ aṣòfin. Èébú kan láti ẹ̀yìn, tí kò sí lákọsílẹ̀, kò lè dé ibẹ̀.

Ohun tó kù ni pé kó wá àwọn tó jókòó nítòsí ẹni tó sọ ọ́. Kó má jẹ́ ará ẹgbẹ́ tirẹ̀ nìkan. Bí ẹnì kan ní ìhà kejì bá gbà pé òun gbọ́ ọ, kó lọ bá Abẹnugan ní ọ́fíìsì, kì í ṣe lórí ìdúró, kó béèrè pé kó pe ẹni náà sí kọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ìkópadà tí ẹ ń rí nínú ilé ní àárọ̀, inú yàrá yẹn ni wọ́n ti parí rẹ̀. Kó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró, kí wọ́n tún èébú náà sọ sínú gbohùngbohùn, kí wọ́n tó máa bá iṣẹ́ lọ.